Bí a ṣe ń po hojicha latte tí mílíìkì kò fi ní bo adùn ewé tíì mọ́lẹ̀

Ará_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Mo ń wá ìmọ̀ràn lórí hojicha latte, ìyẹn tíì aláwọ̀ ewé ti ilẹ̀ Japan tí wọ́n ti yan lórí iná, tí wọ́n sì fi mílíìkì gbígbóná pò. Ilé kọfí kan wà nítòsí ibi iṣẹ́ mi ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo ti ń mu ún, ó sì wọ̀ mí lára gan-an, nítorí pé kò korò tó matcha, ìyẹn tíì aláwọ̀ ewé Japan tí wọ́n lọ̀ kúnná láìyan án, òórùn yíyan rẹ̀ sì máa ń jáde kí ènìyàn tó gbé ife dé ẹnu. Mo fẹ́ máa pò ó fúnra mi nílé báyìí. Àpò tíì kéékèèké tí wọ́n ń rẹ sínú omi ni mo rí rà, ṣùgbọ́n tí mo bá ti da mílíìkì sí i, adùn mílíìkì nìkan ni ó máa ń kù lẹ́nu.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ là mí lóye lé lórí. Ṣé ewé ni ó dára jù ni àbí èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná? Irú mílíìkì wo ni ó bá a mu? Ẹ̀kẹta ni pé ìyá mi, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń gbé pẹ̀lú wa, kì í sì í mu kọfí mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú nítorí kì í jẹ́ kí ó rí oorun sùn. Ṣé mo lè máa fún un ní hojicha lálẹ́? Ẹ ṣeun púpọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_ní_Kyoto

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ará Peckham. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín, nítorí ìlú Kyoto tí mo wà yìí ni àwọn oníṣòwò tíì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hojicha láàárín ọdún 1920 sí 1930, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn ewé ńláńlá àti igi tíì wẹ́wẹ́, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tí ewé so mọ́, tí owó wọn kò pọ̀ lọ́jà. Títí di òní, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ṣì wà níhìn-ín tí ẹ̀rọ ìyantíì wọn ń yí lẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì jẹ́ pé òórùn rẹ̀ ni ènìyàn yóò kọ́kọ́ gbọ́ kí ó tó rí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí tíì yín kò ju pé kò ki tó lọ. Tíì tí a fẹ́ mu lásán àti èyí tí a fẹ́ da mílíìkì sí kò gbọdọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Nínú ìwé tí ìjọba Japan fi ń ṣàlàyé èròjà inú oúnjẹ, gíráàmù 15 ewé hojicha ni wọ́n lò fún mílílítà 650 omi tí ó gbóná tó 90°C, wọn kò sì jẹ́ kí ó ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Tíì tí ó fúyẹ́ nìyẹn, tí àwọn ènìyàn níbí ń mu lẹ́yìn oúnjẹ. Àpò tíì kan kì í sábà ju gíráàmù 2 tàbí 3 lọ. Tí ẹ bá wá da ìlàjì ife mílíìkì lé e lórí, ibo ni adùn ewé náà yóò gbà yọjú?

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí, fún ife ńlá kan. Mo máa ń wọn gíráàmù 8 ewé hojicha sínú ìkòkò kékeré, kí ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n sì bu ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tí ó kún dáadáa, nítorí ewé tí a ti yan fúyẹ́ púpọ̀. Mo máa ń da mílílítà 120 omi lé e, màá jẹ́ kí ó hó, màá sì dín iná kù kí ó máa hó díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, títí omi náà yóò fi di pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó ṣókùnkùn. Ìgbà yẹn ni màá tó da mílílítà 180 mílíìkì sí i. Tí mo bá ti rí i pé ooru ń rú, tí àwọn ìfófòó wẹ́wẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní etí ìkòkò, màá gbé e kúrò lórí iná kí ó tó hó, màá sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ sínú ife.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yọ adùn ewé náà jáde o. Ewé tíì kì í tú adùn rẹ̀ sílẹ̀ nínú mílíìkì bí ó ti ń tú u sílẹ̀ nínú omi, nítorí náà ẹni tí ó bá rẹ ewé gbígbẹ sínú mílíìkì tààrà yóò lo ewé púpọ̀, èrè rẹ̀ yóò sì kéré. Ẹ má sì bẹ̀rù pé a jẹ́ kí ewé hó lórí iná. Gyokuro tàbí sencha dáadáa, ìyẹn àwọn tíì aláwọ̀ ewé Japan tí a kò yan, kò gba irú ìyà bẹ́ẹ̀, nítorí omi híhó máa ń fa ìkorò ara wọn jáde, ṣùgbọ́n iná tí hojicha ti là kọjá ti dín àwọn èròjà catechin tí ó ń fa ìkorò kù, omi híhó gan-an ni ó sì ń gbé òórùn rẹ̀ sókè.

Ní ti irú èyí tí ẹ ó rà, ẹ béèrè bóyá ewé ni àbí igi, kí ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe yan án tó. Ìlú Kanazawa ní ìpínlẹ̀ Ishikawa lókìkí fún hojicha tí ó jẹ́ kìkì igi tíì, èyí tí wọ́n ń pè ní Kaga bocha. Ní ọdún 1983, nígbà tí Ọba Hirohito ṣàbẹ̀wò sí Ishikawa, tíì igi tí wọ́n fi iná yan níwọ̀nba ni wọ́n gbé fún un, láti ìgbà náà sì ni irú èyí tí a kò yan púpọ̀ ti níyì gidigidi. Ó dùn, ó mọ́ lẹ́nu, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n láìsí mílíìkì ni. Fún latte, èyí tí wọ́n yan dáadáa, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, ni kí ẹ wá, nítorí òun ni ó lè dúró níwájú mílíìkì.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ẹ ṣeun, Akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ yín lórí kíki tíì náà kò ní àríyànjiyàn nínú, ṣùgbọ́n ní tèmi o, hojicha lúbúlúbú ni mo fọwọ́ sí fún latte. Gbogbo ewé náà ni ènìyàn ń mu, kò sí èyí tí a ń sẹ́ dà nù, ó sì máa ń fún ife náà ní ara tí ewé rírẹ kò lè fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n máa ń da lúbúlúbú náà sínú ife mílíìkì tí ó ti kún, tí wọ́n á wá máa rò ó títí. Yóò ní kókó, kókó náà yóò sì léfòó. Ẹ kọ́kọ́ fi asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ jọ ṣíbí kékeré méjì, tí ó tó gíráàmù 4, sínú àwo kòtò. Ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, tí kò ju ṣíbí ìjẹun kan lọ, kí ẹ sì rò ó títí yóò fi di ohun tí ó ki, tí ó ń dán, tí kò ní kókó kankan. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó da omi yòókù sí i, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílílítà 60, kí ẹ sì wá fi ìjábẹ̀ oparun tí wọ́n ń pè ní chasen jù ú síwá-sẹ́yìn kíákíá, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí àwo, títí yóò fi hó lójú. Ẹni tí kò bá ní chasen lè lo ìpò kékeré oníbátìrì tí wọ́n fi ń po mílíìkì, tàbí kí ó da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò tí ó ní ìdérí, kí ó sì mì ín dáadáa.

Ẹ rántí pé lúbúlúbú náà kì í yọ́ bí ṣúgà ṣe ń yọ́. Inú omi ni ó ń fò káàkiri, tí ife bá sì dúró pẹ́, yóò sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí. Nítorí náà, ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń mu ún lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní orúkọ hojicha latte jẹ́ ṣúgà àti mílíìkì gbígbẹ tí wọ́n ti pò mọ́ tíì díẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nínú èròjà rẹ̀. Èyí tí a ń wí kò gbọdọ̀ ní ohun mìíràn nínú ju ewé tíì lọ.

Ní ti mílíìkì, èyí tí a kò yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò ni ó dára jù, kí ẹ sì mú un gbóná dé 60°C sí 65°C. Ní ìwọ̀n yẹn, adùn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò hàn, ìfófòó rẹ̀ yóò sì dúró. Tí ó bá ti kọjá 70°C, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ní òórùn mílíìkì sísè, òórùn yẹn yóò sì bá ti tíì jà. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá gba mílíìkì màlúù, a sì pọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwa àgbàlagbà, lè lo mílíìkì ọkà oat, nítorí adùn ọkà inú rẹ̀ bá òórùn yíyan mu gan-an. Mílíìkì sóyà náà wọ́pọ̀ ní àwọn ilé kọfí Japan. Kò sábà dì nínú hojicha bí ó ti ń dì nínú kọfí, nítorí hojicha kò kan bíi kọfí. Ti àgbọn ni n kò fọwọ́ sí, nítorí adùn àgbọn nìkan ni ẹ ó máa mu.

Akẹ́kọ̀ọ́_ní_Kyoto

Mo gbà fún yín lórí ara ife náà, Ìyá Ìbejì. Ohun tí mo fi yan ewé láàyò ni pé lúbúlúbú tètè ń pàdánù òórùn rẹ̀ ju ewé lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ń kan gbogbo ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń mu ún lójoojúmọ́ lè ra lúbúlúbú, kí ẹni tí ó ń mu ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ra ewé.

Atọ́júewé

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un tí ẹnìkan kò tíì mẹ́nu bà, ìyẹn ni pé ènìyàn lè yan hojicha fúnra rẹ̀ nílé. Tí ẹ bá ní sencha tàbí tíì igi aláwọ̀ ewé tí ó ti pẹ́ nínú agolo, tí òórùn rẹ̀ ti fẹ́ lọ tán, ẹ má ṣe dà á nù, nítorí iná yóò fún un ní òórùn mìíràn.

Ní Japan, wọ́n ní ohun èlò amọ̀ kékeré kan fún iṣẹ́ yìí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ horoku. Ó ní ihò lókè tí wọ́n ń gbà da ewé sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo nínú, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ewé bá yan tán, wọn yóò dorí rẹ̀ kodò díẹ̀, ewé náà yóò sì gba inú ọwọ́ yẹn jáde sínú ìkòkò tíì. Páànù lásán yóò ṣe é fún wa, tí kò bá ṣáà ti ní òórùn epo tàbí àlùbọ́sà lára. Ewé tíì máa ń fa òórùn mọ́ra kíákíá, páànù tí a fi dín ẹja lánàá yóò sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí páànù gbígbẹ náà gbóná lórí iná tí kò le, kí ẹ da ewé sí i fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó má gun orí ara wọn, kí ẹ sì máa mì í láìdáwọ́ dúró. Níbẹ̀rẹ̀, òórùn koríko ni yóò máa jáde, nítorí ọ̀rinrin inú ewé ni ó ń lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ ó rí i tí etí ewé ń pọ́n, tí àwọn igi wẹ́wẹ́ àárín rẹ̀ ń wú, tí àwọ̀ wọn sì ń kúrò ní àwọ̀ ewé. Òórùn náà yóò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, yóò di òórùn ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan nínú iyanrìn. Iná ni ó mú kí àwọn èròjà amino acid inú ewé bá ṣúgà inú rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí sì ni ó bí àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní pyrazine, tí òórùn náà ti wá. Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń yan án ní ooru tí ó tó 200°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà kò yẹ kí iná yín kéré jù pẹ̀lú, kí ewé má baà gbẹ láìyan.

Nígbà tí èéfín tín-ín-rín bá kọ́kọ́ yọ, tí àwọ̀ ewé sì ti fẹ́ dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ tètè gbé e kúrò kí ẹ sì dà á sórí atẹ́ tàbí àwo fífẹ̀. Tí ẹ bá fi sínú páànù, ooru páànù náà yóò ṣì máa yan án lọ, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ni ó wà láàárín ewé tí ó yan dáadáa àti èyí tí ó jóná. Gbogbo iṣẹ́ náà kì í ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ yan ìwọ̀n tí ẹ ó mu lọ́jọ́ náà tàbí lọ́sẹ̀ náà nìkan, nítorí òórùn rẹ̀ kì í lágbára tó ti ọjọ́ tí a yan án mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Manchester

Ẹ kú àpérò o. Ọ̀rọ̀ ìyá ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí àwọn kan máa ń sọ pé hojicha kò ní kaféènì rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ní. Nínú ìwé ìjọba Japan tí Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, mílígíráàmù 20 kaféènì ni ó wà nínú mílílítà 100 hojicha, ti kọfí jẹ́ 60, ti gyokuro sì jẹ́ 160. Hojicha kéré sí kọfí púpọ̀, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń fún ọmọdé àti arúgbó ní Japan, tí wọ́n sì ń mu ún lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ṣùgbọ́n tíì fífúyẹ́ tí wọ́n fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú rẹ ni wọ́n wọ̀n. Èyí tí ẹ ń kọ́ ara yín níhìn-ín, tí ewé rẹ̀ pọ̀ tí ó sì hó lórí iná, tàbí lúbúlúbú tí a gbé mì pátápátá, yóò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí n óò ṣe ká ní ìyá mi ni, ni pé màá po latte kíki náà fún un ní ọ̀sán, màá sì fi hojicha fífúyẹ́ tí a fi igi tíì ṣe, tí a da mílíìkì díẹ̀ sí, sílẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́, nítorí kaféènì inú igi tíì kéré sí ti ewé. Tí oorun wọn bá dára pẹ̀lú rẹ̀, ó parí. Ẹ má sì fún wọn mu pọ̀ mọ́ oúnjẹ tàbí pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní èròjà irin nínú, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ àti oògùn dáadáa; ẹ fi wákàtí kan sáàárín wọn, ó kéré tán. Bí aláboyún bá wà nínú ilé, ìmọ̀ràn NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba níhìn-ín, ni pé kí kaféènì tí ó ń mu lóòjọ́ má kọjá mílígíráàmù 200. Kí ó ka ti hojicha mọ́ ti kọfí, ti tíì pupa àti ti ṣokoléètì.

Ará_Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Fún àwa tí a wà nílé, tí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ń rí mílíìkì tútù rà, mílíìkì gbígbẹ tí kò ní ṣúgà nínú ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó kí ó ki ju bí a ti máa ń pò ó fún mímu lọ, ẹ sì jẹ́ kí ó dúró díẹ̀ kí ó yọ́ tán kí ẹ tó dà á sínú tíì. Mílíìkì inú agolo tí kò ní ṣúgà náà dára. Òórùn mílíìkì sísè tí Ìyá Ìbejì kò fẹ́ wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n hojicha tí ó yan dáadáa máa ń gba irú rẹ̀ mọ́ra. Ìwọ̀n mílíìkì kan sí ìwọ̀n omi kan ni mo máa ń lò. Ìgò tí ó ní ìdérí ni mo fi ń mì ín kí ó hó, kì í sì í ṣe dandan kí ènìyàn ní ẹ̀rọ kankan.

Ará_Peckham

Ọlọ́run yóò bù kún yín. Mo ti ra ewé tí ó yan ṣú, mo sì ti pò ó gẹ́gẹ́ bí Akẹ́kọ̀ọ́ ti wí, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àpò tíì pọ̀ púpọ̀. Ìyá mi mu ti ọ̀sán, wọ́n sì béèrè fún òmíràn lọ́jọ́ kejì. Ìbéèrè kékeré méjì ni ó kù: báwo ni mo ṣe lè ṣe èyí tí ó tutù fún àkókò ooru, kí ni mo sì lè fi mú un dùn?

Ìyá_Ìbejì_Houston

Ó dùn mọ́ mi nínú púpọ̀ pé ìyá gbádùn rẹ̀. Fún èyí tí ó tutù, omi gbígbóná ni kí ẹ ṣì fi po tíì náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ki ju ti gbígbóná lọ, nítorí yìnyín yóò yọ́ sínú rẹ̀, ẹnu wa kì í sì í tètè mọ adùn ohun tútù. Ẹ kó yìnyín kún ife, ẹ da mílíìkì tútù sí i dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ wá rọra da tíì lé e. Tí ẹ bá fẹ́ fi ṣúgà sí i, inú tíì tí ó ṣì gbóná ni kí ẹ ti yọ́ ọ.

Ohun tí wọ́n fi ń mú un dùn ní Japan ni kuromitsu, omi ṣúgà dúdú tí wọ́n ń fi ṣúgà ìrèké Okinawa sè, adùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ẹ lè sè é fúnra yín tí ẹ bá rí ṣúgà dúdú tí a kò fọ̀, pẹ̀lú omi tí kò tó o ní ìwọ̀n, lórí iná kékeré títí yóò fi máa fà díẹ̀. Oyin ni ẹ̀ ń ronú kàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n oyin tí ó lágbára máa ń borí òórùn yíyan, nítorí náà èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ni kí ẹ lò, kí ó má sì pọ̀.

Ẹ tọ́jú ewé yín sínú agolo tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, ní ibi tí oòrùn kò ti ń tàn sí i, kí ó sì jìnnà sí àwọn èròjà ọbẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣí i, ẹ gbìyànjú láti mu ún tán láàárín oṣù kan. Tí òórùn rẹ̀ bá sì ti ń lọ kí ó tó tán, ẹ dà á padà sínú páànù gbígbẹ fún ìṣẹ́jú kan gẹ́gẹ́ bí Atọ́júewé ti ṣàlàyé, òórùn náà yóò sì padà dé díẹ̀.